Orin Tí Òsúkè Ń Ṣe ní Ajah

Ìròyìn tó kọ́kọ́ gba Ajah kan ni pé ọmọńlé kan ń kọrin nínú ẹ̀rọ géèmù Ọ̀gá Yẹ̀kínì. Wọn ò sọ pé ó ń gbé inú ẹ̀rọ o. Wọ́n ní ó ń kọrin. Kí ìròyìn náà tó dé Sangotedo, ọmọńlé ti di méjì, ọ̀kan ń dá orin, èkejì ń gbè é. Nígbà tó fi máa dé Eleko létí òkun, àwọn apẹja ibẹ̀ ní àwọn ọmọńlé ọ̀hún ti gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde, ó kàn jẹ́ pé ó ti tán lọ́jà ni.

Ọ̀gá Yẹ̀kínì Adésànyà, kí Ọlọ́hun forí jìn ín, ló ni ṣọ́ọ̀bù géèmù tó wà lẹ́yìn ọjà Ajah, láti ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú márosẹ̀ Lẹ́kkí fẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n wó ráńdábáùtù, tí wọ́n gbé afárá gorí ibẹ̀. Ìran apẹja etí ọ̀sà ni wọ́n. Bàbá rẹ̀ mọ orúkọ gbogbo ẹja tó wà lábẹ́ omi. Yẹ̀kínì ò mọ ẹja kankan àfi èyí tí wọ́n bá ti dín, ṣùgbọ́n kò sí bọ́tìnnì kan lórí páàdì géèmù tí kò lè fi ìka rẹ̀ dá mọ̀ pẹ̀lú ojú dídì.

Ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ irú àtijọ́, èyí tí wọ́n ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ lórí, tí èèyàn á kọ́kọ́ fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí ìdí kásẹ́ẹ̀tì kó tó gbà láti ṣiṣẹ́. Géèmù kan ló gbajúmọ̀ jù níbẹ̀: ọkùnrin kúkurú kan tó ń wa ọkọ̀ láàárín àwọn ọ̀nì. Orin géèmù náà ń sáré bí ẹni tí wọ́n pè pé ilé rẹ̀ ń jó. Ṣùgbọ́n tó bá dé àárín, á dúró gbagidi, á ní "híìk!", á tún máa sáré lọ. Òsúkè ni. Òsúkè ń ṣe orin náà, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ọmọ Ajah ṣe kọ́ ọ. Ọmọ tí wọ́n bá rán lọ ra epo, tó ń fẹnu kọ orin yìí lọ lójú ọ̀nà, tó bá ti dé àárín, á dúró, á ṣe "híìk" tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí ẹni tó ń ṣe àmín, kó tó gbé ẹsẹ̀ tó kàn.

Àǹtí Ṣùkúrátù, ẹ̀gbọ́n Yẹ̀kínì obìnrin, ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbìyànjú láti wo ẹ̀rọ náà sàn. Ó fa òwú kan yọ létí ìró rẹ̀, ó fi itọ́ rin ín, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ẹ̀rọ náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ ọwọ́.

"Àǹtí, ẹ̀rọ ni o," ni Yẹ̀kínì wí.

"Ṣé òsúkè kọ́ ló ń ṣe é ni?"

"Ó ń ṣe é."

"Ó tán. Kò sí ọmọ tí mo ti lẹ òwú fún rí tí òsúkè rẹ̀ ò dá. Jẹ́ kó sinmi."

Òsúkè ò dá. Ṣùgbọ́n òwú náà wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, di ọdún kejì, nítorí Àǹtí Ṣùkúrátù ní ẹni tó bá yọ ọ́, tí òsúkè bá le sí i, olúwarẹ̀ ni kó máa bá ẹ̀rọ sùn.

Ìròyìn ọmọńlé wá ń lé oníbàárà. Àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn létí jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Ni Ọ̀gá Yẹ̀kínì bá kéde pé òun á tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ níṣojú gbogbo ayé lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ pé, èrò kún. Fèyíkẹ́, ọmọ ìyá onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ti géèmù, ṣì kéré nígbà náà. Ó gun orí bẹ́ǹṣì kó lè rí i dáadáa, òun ló sì kọ́kọ́ figbe ta. Ọmọńlé wà níbẹ̀! Ó nà gbalaja lórí àwọn wáyà, ó ti gbẹ bíi páńlá. Ọkùnrin kan tó ti ń sọ látàárọ̀ pé òun ò gba irú ìsọkúsọ bẹ́ẹ̀ gbọ́ fo gọ́tà tí ọkọ̀ ò lè gbà kọjá.

"Ó wà níbẹ̀! Ó wà níbẹ̀!"

"Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́," ni Ọ̀gá Yẹ̀kínì dáhùn, ó fi ìka méjì gbé e sókè. "Ṣùgbọ́n ṣé ó ń kọrin?"

Ẹnì kan láàárín èrò ní, "Bóyá ó ń sinmi ni."

Ọ̀gá Yẹ̀kínì gbé ọmọńlé náà sílẹ̀. Ó tẹjú mọ́ inú ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀, ó pa á dé, ó sì tan iná. Ọkùnrin kúkurú bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ rẹ̀. Orin ń sáré bọ̀. Ó dé àárín.

"Híìk!"

"Ẹ ti fi etí ara yín gbọ́ ọ!" Ọ̀gá Yẹ̀kínì nà ró bí ẹni tó jàre ní kóòtù. "Ọmọńlé ti jáde, òsúkè ò jáde. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ láti Japan nìyẹn. Ọmọńlé yìí ò jẹ̀bi. Òǹwòran ni, ó kàn sún mọ́ sípíkà jù."

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Fóònù tó lè ṣe orin dé ọwọ́ olúkúlùkù, ni àwọn ọmọ tó dàgbà níwájú ẹ̀rọ náà bá ń mú orin inú géèmù, wọ́n ń tún un ṣe lọ́nà tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ á fi gìtá sí i, ẹni tó bá fẹ́ á fi ariwo jẹnẹrétọ̀ sí i. Rìmíìsì ni wọ́n ń pè é. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n. Kò sì sẹ́ni tó bẹ Ọ̀gá Yẹ̀kínì náà pé kó wá dá wọn lẹ́jọ́. Ó kàn gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì Iléyá, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ní, "Ìgbẹ́jọ́ ti bẹ̀rẹ̀."

Bí ó ṣe ń dájọ́ rè é. Á gé etí piọ́wọ́tà, á da omi náà kún ẹnu títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á fi wú bíi ti ẹni tí eyín ń dùn. Á pa ojú dé. Wọ́n á tan rìmíìsì. Tí orin bá dára, á gbé omi mì. Tí kò bá dára, á tu ú síta. Ó ní ọ̀nà yẹn nìkan ni kò fàyè gba ojúsàájú, nítorí adájọ́ tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, àwọn èèyàn á bá a sọ̀rọ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kì í gbẹ títí ọdún á fi yípo, koríko ibẹ̀ sì tutù ju ti inú ẹ̀sìtéètì àwọn olówó lọ.

Kamaldeen tó ń lẹ táìsì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí iṣẹ́ àwọn ilé ńlá ojú márosẹ̀ gbé wá sí Ajah, rò pé òun gbọ́n. Ó fi oríkì sínú rìmíìsì tirẹ̀: "Yẹ̀kínì ọmọ Adésànyà, adájọ́ tí kì í ṣìnà, etí rẹ ju etí erin lọ!" Gbogbo èrò rí i bí ọ̀nà ọ̀fun ọ̀gá ṣe ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó gbé e mì. Ló bá la ojú, ó tu omi náà fùúù. Ó tún na ọwọ́ sí piọ́wọ́tà mìíràn, ó gé etí rẹ̀, ó da á sẹ́nu, ó sì tún tu ìyẹn náà.

"Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀mejì kẹ̀?" ni Kamaldeen ń ké.

"Àkọ́kọ́ ni ti orin rẹ. Èkejì ni ti ìwà rẹ."

Ti Akínwùmí tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì yàtọ̀. Ó mú orin tó ń sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, ó rọ̀ ọ́ títí ó fi dà bí ẹni tí ilé rẹ̀ ti jó tán, tó wá jókòó ti eérú. Láàárín rẹ̀, oorun gbé adájọ́ lọ. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jẹ́jẹ́ láti ẹnu rẹ̀ sórí àgbọ̀n, láti àgbọ̀n sórí bùbá. Wọ́n ní Akínwùmí ti kùnà. Akínwùmí ní ṣíṣàn kì í ṣe títu. Ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀ di òní.

Ẹni tó wá dán Ọ̀gá Yẹ̀kínì wò ju gbogbo wọn lọ ni Ọláṣẹ̀hìndé. Láti Lẹ́kkí Phase 1 ló ti wá, pẹ̀lú sípíkà tó ga tó géètì. Rìmíìsì rẹ̀ ń dán bí ọkọ̀ tuntun. Ó lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò kọsẹ̀ níbì kan. Ọ̀gá Yẹ̀kínì dúró, ó dúró, nígbà tí orin parí, ó tu omi.

"Òsúkè dà?"

"Òsúkè wo, sà?"

"Òsúkè àárín orin."

"Kò sí níbẹ̀, sà. Mo gbọ́ orin náà gan-an lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

"Ta ni ń jẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì? Nígbà tí mo ra ẹ̀rọ yìí, ṣé ó ti dé Ajah?"

"Rárá, sà."

"Ìyẹn ni pé mo jù ú lọ. Ó ṣì í gbọ́ ni. Má bínú sí i, ó ṣì kéré."

Èrò rẹ́rìn-ín títí tí àwọn kan fi di ògiri mú. Fèyíkẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Ó ti dàgbà nígbà yẹn, ó ti gba iṣẹ́ irun dídì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kò wá orin náà lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì rí. Ta ló ń lọ bi íńtánẹ́ẹ̀tì léèrè orúkọ ìyá rẹ̀?

Ọdọọdún ni Fèyíkẹ́ ń gbé rìmíìsì wá, ọdọọdún ni ọ̀gá ń tu omi sí i. Ní ọdún kan, ó fi òsúkè náà ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Òsúkè kan á dún lọ́wọ́ ọ̀tún, òmíràn á dá a lóhùn lọ́wọ́ òsì, bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ṣe ń ké sí ẹni tó wà létí omi. Ó fi ìró ìyàrun sí i lábẹ́, àti ìró ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun. Ẹnikẹ́ni ò mira. Ọ̀gá Yẹ̀kínì ò la ojú. Nígbà tí orin dákẹ́, gbogbo wọn gbọ́ ọ ketekete: gbúlúkú.

Ó nu ẹnu. "Omi yìí dùn," ló wí, ó sì wọlé lọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni Ọ̀gá Yẹ̀kínì fi ayé sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Níbi fídáù rẹ̀, nígbà tí àlùfáà ń ṣe àdúà lọ, tó wá dúró díẹ̀ láti mí, ẹnì kan láàárín èrò ní "híìk." Ẹ̀rín ta. Àǹtí Ṣùkúrátù ló rẹ́rìn-ín jù, ó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi kún fún omi, tó sì wá di pé kò sẹ́ni tó mọ èwo ló ń ṣe nínú ẹ̀rín àti ẹkún. Àlùfáà ní kí wọ́n fi sílẹ̀, pé ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀rín sin, ó ti fi nǹkan sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bu iyọ̀ sí ohun tí Ọ̀gá Yẹ̀kínì ṣe ní Phase 1 kó tó kú. Àwọn kan ní ó lu àwọn adájọ́. Àwọn kan ní ó rì sọ́sà lọ́nà, pé òkú rẹ̀ ló wọlé síbẹ̀. Fèyíkẹ́ wà níbẹ̀. Bó ṣe rí nìyí.

Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe géèmù ló pe ìdíje rìmíìsì sí gbọ̀ngàn kan ní Lẹ́kkí Phase 1. Ẹni tó bá wọ ipò mẹ́ta àkọ́kọ́ á máa ṣe orin géèmù fún wọn, iṣẹ́ gidi, pẹ̀lú àga tirẹ̀ àti tábìlì tirẹ̀. Fèyíkẹ́ ti fẹ́ iṣẹ́ yìí débi pé kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Orin ọ̀nì ni wọ́n fún gbogbo olùdíje. Òfin wọn ò ju ẹyọ kan lọ: kí kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ba orin náà jẹ́.

Adájọ́ àgbà wọn ni Àǹtí Tèmítáyọ̀, obìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kó tó gé èèyàn lọ́rùn. Nígbà tí orin Fèyíkẹ́ tó kún fún òsúkè dún tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Orin yìí ń já, àbúrò. Ó ń já léraléra. Bóyá fáìlì rẹ ló bàjẹ́, bóyá o ò sì mọ orin náà ni."

"Kò bàjẹ́, mà. Bó ṣe wà nìyẹn."

Wọ́n bá tan ti ìpìlẹ̀ fún un. Orin náà ń sáré bọ̀, ó dé àárín, ó kọjá lọ geere bí ọkọ̀ tó kọjá níwájú ẹni tó ń na ọwọ́ sí i. Fèyíkẹ́ dúró síbẹ̀ bí ẹni tó pàdé ìyá rẹ̀ lọ́jà, tí ìyá kò dá a mọ̀. Ẹ̀rín ń lọ lábẹ́lẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Wọ́n ní àwọn ń lọ jẹun ọ̀sán, pé tí àwọn bá dé, àwọn á ka orúkọ àwọn tó kù nínú ìdíje, kí Fèyíkẹ́ má retí tirẹ̀.

Wọ́n ń fi gbogbo rẹ̀ hàn lórí fóònù, Ọ̀gá Yẹ̀kínì sì ń wò ó ní ṣọ́ọ̀bù. Márosẹ̀ ti dí bámúbámú lọ́jọ́ náà, ló bá gba etí omi lọ, ó sọ fún Sànúsí ìbátan rẹ̀ kó gbé àwọ̀n kúrò nínú ọkọ̀, kó tan ẹ́ńjìnnì. Ìgbà tí wọ́n fi máa jẹun tán ní Phase 1, ó ti dé ẹnu géètì pẹ̀lú ṣòkòtò tó tutù dé itan.

"Bàbá, níbo lẹ̀ ń lọ?" ni ẹ̀ṣọ́ bi í.

"Mo wá dájọ́."

"Àwọn adájọ́ ti pé, sà."

"Èmi ni èyí tó pẹ́."

Fèyíkẹ́ rí i bó ṣe ń bọ̀ láàárín àwọn àga, omi ń kán láti ara rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Àwọn ará Ajah tó sin Fèyíkẹ́ wá wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn: Kamaldeen, Akínwùmí, ogúnlọ́gọ̀ àwọn tí ó ti tu omi sí orin wọn. Ọláṣẹ̀hìndé jókòó níwájú, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Fèyíkẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù, pé tí ọ̀gá bá fi lè sọ ọ́ níbẹ̀, kò ní lè gbé àga sẹ́nu ọ̀nà mọ́ láéláé. Ó mi orí sí i.

"Ọ̀gá, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Jókòó, Fèyíkẹ́." Ó kọjú sí Àǹtí Tèmítáyọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Orin yín tí ẹ tàn yẹn, òun ni òótọ́. Kò ní òsúkè. Ẹ̀rọ tèmi ló jóná nínú. Ọjọ́ tí mo tú u ni mo ti rí ibi tó dúdú."

"Ọ̀gá!" Kamaldeen ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kamaldeen, panu mọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Ó ti pẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn, sà?" Àǹtí Tèmítáyọ̀ bi í jẹ́jẹ́. Kò rẹ́rìn-ín músẹ́ báyìí.

"Wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ tó ń kọ ọ́ lọ sílé ìwé láàárọ̀, ṣé n ó dá a dúró lójú ọ̀nà ni, kí n sọ fún un pé ohun tó fẹ́ràn, àléébù ni? Mo ní tí wọ́n bá dàgbà, n ó sọ ọ́." Ó fọwọ́ nu ojú. "Ìgbà tí wọ́n dàgbà, mo ti di adájọ́."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀nà tí orin yín gbà dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Ọmọ yìí ò já nǹkan kan. Ó gbé e dé bó ṣe bá a. Ó kù sọ́wọ́ yín."

Ọláṣẹ̀hìndé ni ẹni àkọ́kọ́ tó pàtẹ́wọ́.

Àwọn adájọ́ forí korí títí. Ọ̀gá Yẹ̀kínì kí wọn, ó forí lé ẹnu ọ̀nà láti lọ bá Sànúsí, nítorí omi ọ̀sà ti ń fà. Ó ti di ilẹ̀kùn mú nígbà tí Àǹtí Tèmítáyọ̀ gbé máìkì, tó ní kí àwọn tó ń wò lórí fóònù gbọ́ o, pé ipò kẹta bọ́ sọ́wọ́ Fèyíkẹ́ láti Ajah. Pé òótọ́ ni orin rẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n bàbá kan ti wá ṣàlàyé, àwọn sì ti forí jì í.

Ọ̀gá Yẹ̀kínì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ó rin gbogbo gbọ̀ngàn náà padà, ṣòkòtò rẹ̀ ń dún pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, títí ó fi dé iwájú. Ó na ọwọ́. Àǹtí Tèmítáyọ̀ gbé máìkì fún un.

"Ẹ má forí jì í," ló wí. "Kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rọ mi ló bàjẹ́. Orin Fèyíkẹ́ ò bàjẹ́."